Òǹkà 1 tó sọnù lójú pátákó

Tèmi rèé. Ọdún kejì mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ gboyè kejì ní Jámánì ni, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n fi wákàtí kan bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí scheme (ohun jiọ́mẹ́tírì tí a fi áljẹ́brà kọ́) tí wọ́n fi monoid kọ́, ìyẹn àkójọ nǹkan tí a lè máa sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn, tí 1 sì wà nínú rẹ̀. Mo ti bá scheme ti Grothendieck, onímọ̀ ìṣirò tó dá wọn sílẹ̀, wọ̀yá ìjà fún oṣù mẹ́rin nígbà yẹn. Bí mo ṣe rí i pé ìsọdipúpọ̀ nìkan ló wà nínú monoid, tí kò sí àròpọ̀ níbẹ̀ rárá, ọkàn mi balẹ̀.

Bí nǹkan ṣe kéré tó níbẹ̀ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ẹ mú ìlà kan lásán. Nínú jiọ́mẹ́tírì tí a mọ̀, ojú àmì orí rẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá da àròpọ̀ nù, tó ku 1, x, x², x³ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, prime ideal méjì péré ló wà, àwọn gan-an sì ni ojú àmì ibẹ̀: èyí tó ṣófo, àti èyí tí x bí. Mo lẹ irú ìlà bẹ́ẹ̀ méjì pọ̀ di projective line, ìlà tí a fi ojú àmì kan kún ní àìlópin, ojú àmì mẹ́ta ló jáde. Nígbà tó kan projective plane, irú rẹ̀ tó jẹ́ ojú pẹrẹsẹ, mo ya onígun mẹ́ta sínú ìwé, mo ń fi bírò kà á: igun mẹ́ta, etí mẹ́ta, àti inú rẹ̀. Méje. Mo tún un kà, méje náà ni.

Àwọn tó ń ṣe toric variety, ìrísí jiọ́mẹ́tírì tí a lè fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣàpèjúwe, ti ń ya onígun mẹ́ta yẹn tipẹ́. Kazuya Kato ti fi monoid ṣiṣẹ́ lórí toric singularities, ibi tí irú ìrísí bẹ́ẹ̀ kò ti gún régé, ní 1994. Anton Deitmar gbé scheme tirẹ̀ jáde ní 2005, ó sì fi hàn ní 2008 pé toric variety ni wọ́n ń bí tí wọn ò bá lábùkù. Àmọ́ Jacques Tits ló ti kọ́kọ́ lá àlá náà ní 1957, field (àkójọ òǹkà tí a ti lè rò, yọ, sọ di púpọ̀, kí a sì pín) tí nǹkan kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Lórí field oní-nǹkan q, ojú àmì q² + q + 1 ló wà lórí projective plane. Ẹ fi 1 rọ́pò q: mẹ́ta. Igun mẹ́ta inú ìwé mi nìyẹn! Mo dìde lórí àga.

Ayọ̀ yẹn ni mo gbé dé iwájú àwọn èèyàn. Mo fi ìdánilójú sọ pé monoid yòówù tí nǹkan díẹ̀ bá lè bí, tí a sì lè fa ohun kan náà yọ lọ́tùn-ún lósì, yóò bí toric variety tó normal, ìyẹn èyí tí kò sí àlàfo nínú monoid rẹ̀. Olùkọ́ mi ò bá mi jiyàn. Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi: "Fi 2 àti 3 dán an wò."

Mo kọ gbogbo ohun tí a lè fi 2 àti 3 rò jáde, kí wọ́n dúró fún òǹkà orí t, torí pé tí a bá sọ t² àti t³ di púpọ̀ mọ́ra, òǹkà orí wọn la ń rò pọ̀: 0, 2, 3, 4, 5, 6... Gbogbo wọn wà níbẹ̀ àfi 1. Mo pe t² ní x, mo pe t³ ní y. y² jẹ́ t⁶, x³ náà jẹ́ t⁶. Mo ya y² = x³. Ìlà náà sọ̀ kalẹ̀ wá sí 0, ó mú ṣóńṣó bí ẹ̀gún, ó sì tún ṣẹ́rí padà. Ọwọ́ mi dúró lójú pátákó. Òǹkà kan ṣoṣo tó sọnù ló di ẹ̀gún yẹn. Ẹ dá 1 padà, ìlà tó gún régé lẹ óò rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní saturation nìyẹn: ìlọ́po 1, bíi 2 àti 3, wà nílé, yíyọ 2 kúrò nínú 3 sì ń pe 1 lórúkọ, a ò gbọ́dọ̀ ti òun fúnra rẹ̀ mọ́ta.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mi ò lè sùn. Mo fi àmì sí (1,0), (1,1) àti (1,2), mo pè wọ́n ní x, y àti z. Ẹ ro ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ti ìparí, ìlọ́po méjì ti àárín ni: xz = y², kóònù. Kò sí àlàfo, ó normal, síbẹ̀ ó ní ṣóńṣó. Mo wá pa àmì àárín rẹ́, mo ń retí ẹ̀gún bíi ti àárọ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló jáde, x àti z nìkan, láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó rí i: kò sí bí ẹ ṣe lè ro (1,0) àti (1,2) pọ̀ tàbí kí ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì tí ẹ óò fi kan (1,1). Group wọn, ìyẹn gbogbo ohun tí a lè rò tàbí yọ jáde láti ara wọn, ti kéré sí i, kò sí ẹni tó ń pe àárín mọ́. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé kí n tó pa iná.