“Ìró ayíniká” ni, kì í ṣe “ohùn àyíká”

Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ ní kí á máa pe iṣẹ́ sísọ fáìlì AMB (fáìlì tí a gba ìró gbogbo ìhà sílẹ̀ sí) di ti sípíkà márùn-ún àti wúfà kan (sípíkà ìró tó rẹlẹ̀), ohun tí òyìnbó ń pè ní “surround sound”, ní “ìyípadà sí ohùn àyíká”. Mi ò bá yín jà lórí sípíkà. Àwọn yòókù ni mo ní ẹjọ́ sí.

Ènìyàn ló ni ohùn. A lè fún ìlù náà torí pé ó ń sọ̀rọ̀. Òjò tó ń lu páànù ní Kabba, ìró ló ní. “Àyíká” wá ńkọ́? Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ewúrẹ́ àdúgbò ló máa wá sí ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́kàn, ohun tí ẹni tó ń gba ìró sílẹ̀ ń sá fún gan-an. Ìró tó yí olùgbọ́ ká, bí agbo ijó ṣe ń yí onílù ká, là ń wí: ìró ayíniká.

“Ìyípadà” ló burú jù, torí pé ó ń ṣi oníṣẹ́ lọ́nà. Bí a bá sọ WAV di MP3, ipa ìró (channel) méjì wọlé, ipa méjì náà ló jáde. Ìyípadà nìyẹn. Nínú AMB, kò sí ipa kankan tó jẹ́ ti sípíkà. Bí onímọ̀ ìṣirò Michael Gerzon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀ ní Ìlú Ọba láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni pé W ń gbọ́ ibi gbogbo bákan náà, X mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, Y mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, Z mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Àrokò ni. Ẹ ò lè jù ú sínú sípíkà. Ẹ gbọ́dọ̀ tú u: ẹ pò W mọ́ ìwọ̀n X àti Y tó bá igun sípíkà kọ̀ọ̀kan mu, digírì 0, 30 àti 110 láti iwájú, sí òsì àti sí ọ̀tún. “Títú” ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó “yí i padà” lásán, ẹ̀rọ á ka ipa mẹ́rin yẹn sí sípíkà mẹ́rin: W á bọ́ sí òsì iwájú, X sí ọ̀tún.

Ètò ipa tún lè dà á rú. W, X, Y, Z ni ti AMB, W rẹ̀ sì fi dB 3 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n agbára ìró) rẹlẹ̀. W, Y, Z, X ni ti ambiX, ètò mìíràn fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi irinṣẹ́ ambiX tú AMB, ìlù tó wà níwájú á máa dún láti òsì, ti òsì á gòkè. Ẹ to ipa náà ní 1, 3, 4, 2, kí ẹ gbé W sókè ní dB 3, kó tó di pé ẹ tú u. Ẹ fi ipa wúfà sílẹ̀ lófìfo. Ní 48,000 Hz àti bíìtì 24, ìṣẹ́jú kan ipa mẹ́fà jẹ́ nǹkan bíi MB 52. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi ìṣẹ́jú 82, WAV lásán ò ní gbà á.

— Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Mo gba “títú” tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n “ayíniká” ò mọ òkè: níbi sípíkà mẹ́fà yẹn, ẹ ti da Z nù. Tí a bá wá tú u fún ilé tó ní sípíkà lájà ńkọ́? “Ìró abonimọ́lẹ̀” ló sọ sí mi lọ́kàn, àmọ́ ó ń dún létí mi bí omi tó bo Lọ́kọ́jà.