Síkúrúù wo ni kí n fi de páànù ìta kárávàn tí ò ní dógùn-ún?

OníKọfí_Gwarinpa:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ra kárávàn tòkunbọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, ilé onítáyà táwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò yẹn, inú ẹ̀ ni mo ti ń ta kọfí àti búrẹ́dì ẹlẹ́yin ní Gwarinpa níbí. Páànù alumíníọ̀mù ló wà níta, igi ni férémù abẹ́ ẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe rọ̀ báyìí, omi ń kán sórí sítóòfù mi, ni mo bá gun àkàbà lọ wò ó, àṣé gbogbo orí síkúrúù etí òrùlé ló ti dógùn-ún, omi pupa bí omi osùn ń ṣàn kalẹ̀ lára páànù funfun. Káfíńtà mi ní kí n ra síkúrúù dúdú tí wọ́n fi ń de bọ́ọ̀dù POP, ẹlòmíì ní onírọ́bà táwọn tó ń kan òrùlé ń lò ló dáa. Orí mi ti dàrú o. Èwo ni kí n rà?

Baba_Panteka:
Síkúrúù dúdú kẹ̀! Àbúrò, inú ilé nìyẹn wà fún, kò fẹ́ rí omi sójú, ó sì tún le gan-an débi pé tí kárávàn bá wọ kòtò ojú títì mélòó kan, orí ẹ̀ á kàn kán ni. Onírọ́bà yẹn, irin ni ẹnu ẹ̀ wà fún, tó bá wọ igi ó lè gbẹ́ ihò fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, oòrùn tiwa níbí á sì sán rọ́bà ẹ̀ láìpẹ́. Stainless, irin tí kì í tètè dógùn-ún, ni kóo rà, oríṣi oríṣi ló wà, sọ fún wọn pé èyí tí wọ́n ń pè ní 304 lo fẹ́. Àwọn tó wà létí òkun l'Ékòó ni 316 wúlò fún, má lọ náwó sí i. Mú mágínẹ́ẹ̀tì dání o, torí gbogbo nǹkan tó bá ti ń dán ni wọ́n ń pè ní stainless. 304 ò fi bẹ́ẹ̀ fà mọ́ ọn, èyí tó bá fò mọ́ ọn pà, dá a padà.

Anti_Lugbe:
Bọ̀dá oníkọfí, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yí ọ̀kan wò kẹ́ẹ tó ra ohunkóhun. Èmi pààrọ̀ gbogbo tèmi sí stainless, oṣù kan ò pé tómi tún ń wọlé, ìgbà tí mo fọwọ́ fa ọ̀kan ló yọ wọ́ọ́rọ́ bí ṣíbí tó wà nínú ẹ̀kọ, igi tó lẹ̀ mọ́ ọn rọ̀ bí èèrí ògì. Igi ti jẹrà, kí ni síkúrúù fẹ́ dì mú?

OníKọfí_Gwarinpa:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àkàbà bọ̀. Mẹ́ta ni mo yí, méjì dúró, ìkẹta ń yí lásán, àmọ́ igi ẹ̀ gbẹ.

Baba_Panteka:
Tó bá gbẹ, ó rọrùn. Mú ti tẹ́lẹ̀ lọ wọ̀n, tó bá jẹ́ nọ́ńbà 8 (bíi mm 4.2), fi nọ́ńbà 10 (mm 4.8) síbẹ̀. Tó bá ti jẹrà, ẹ gé igi yẹn kúrò, ẹ fi tuntun sí i. Má jẹ́ kó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wáyà iná àti páìpù gáàsì lè wà lẹ́yìn ibẹ̀. Omi tó bá dúró sáàárín stainless àti alumíníọ̀mù ló ń jẹ páànù náà, torí náà téèpù butyl tó rí bíi ṣingọ́ọ̀mù ni kóo tẹ̀ sábẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo etí òrùlé yẹn kóo tó dè é. Sílíkóònù àtijọ́, ẹ ha á kúrò pátápátá, nǹkan míì kì í lẹ̀ lórí ẹ̀. Fi àbẹ́là pa ara síkúrúù, má sì fi dírìlì dè é parí, ọwọ́ ni kóo fi parí ẹ̀, stainless rọ̀, orí ẹ̀ á bó.

OníKọfí_Gwarinpa:
Ẹ ṣé bàbá, ẹ ṣé àǹtí. Mo ti tú mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà tó bàjẹ́ sápò, ọjà Dei-Dei ni mo ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀yin kọsítọ́mà mi tẹ́ ẹ wà níbí, kò sí kọfí lọ́la o.