Ínṣọ́ránsì wo ló ń bo ẹrù oníbàárà nínú ilé ìpamọ́?

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ mọ̀ nípa òwò ìkẹ́rù, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń bá àwọn tó ń ṣí kúrò nílé kó ẹrù. A fẹ́ fi ilé ìpamọ́ kún un báyìí, ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì wá dojú rú.

Ó yé mi pé ínṣọ́ránsì ọkọ̀ kì í sábà bo ẹrù tó wà nínú rẹ̀, àti pé ti òṣìṣẹ́ tó bá farapa wà lọ́tọ̀. Ẹrù oníbàárà gan-an ló rú mi lójú. Èyí tó ń bo ẹrù lójú ọ̀nà lè parí tí a bá ti já ẹrù sí ilé ìpamọ́, a ó sì nílò òmíràn fún ibẹ̀. Ọkọ̀ tó sun ìta mọ́jú tòun tẹrù ńkọ́? Ta ni yóò sanwó tí olè bá jà á?

Aṣojú ínṣọ́ránsì kan ní kí a máa fi ìwọ̀n kílò ohun tó bá bàjẹ́ mọ iye owó tí a ó san lórí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, tẹlifísàn fẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ́n bí ojú ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi fara mọ́ ọn torí owó rẹ̀ kéré. Èmi ò gbà. Ó wù mí kí oníbàárà kọ iye owó ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ̀yin mú? Páálí tí oníbàárà fúnra rẹ̀ dì, ṣé ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì yín máa ń sanwó tí nǹkan bá fọ́ nínú rẹ̀?