Èsì sí “okùn ìsọkalẹ̀”: àmì ohùn kan ló kù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi,

Mo ka ìwé tí Ẹ̀gbọ́n wa kọ lọ́jọ́ Àìkú, nínú èyí tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà bí a ṣe ń fi ọ̀rá ṣe agboòrùn tó ń gbé nǹkan wálẹ̀ jẹ́jẹ́ (parachute) fún rọ́kẹ́ẹ̀tì ìṣeré, tí wọ́n sì pe òwú mẹ́fà tó so agboòrùn náà mọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní “okùn ìsọkalẹ̀”. Ó sàn ju “okùn aṣọ òkú” tí ẹnì kan kọ́kọ́ dábàá nítorí pé ó rí shroud, tó tún ń jẹ́ aṣọ òkú, nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, tí kò mọ̀ pé ara okùn tó ń di òpó ọkọ̀ ojú omi mú ni wọ́n ti yá orúkọ náà. Síbẹ̀, kò tíì bọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn kò fi àmì ìsàlẹ̀ sórí “sọ” nítorí pé “sọ ẹrù kalẹ̀” ni gbogbo ayé ń kọ. Ẹ má bínú sí mi, sà. Olóhùn ìsàlẹ̀ ni “sọ̀”. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá ṣe àbọ̀ fún un nìkan ló ń gbé ohùn rẹ̀ sí àárín, “kalẹ̀” kì í sì í ṣe àbọ̀; “ìsọ̀kalẹ̀” ló yẹ kó jẹ́. A ń kọ “ka ìwé”, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó kọ “ìkawé”. Ìyá tó ru igi oko dé ẹnu ọ̀nà, “ẹ sọ̀ mí o” ló ń ké. Ẹni tí a bá sọ bí ẹni sọ òkò, egungun rẹ̀ la ó máa ṣà.

Ìsọkalẹ̀ gan-an ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tí èmi àti ọmọ mi ṣe ní Maryland ṣe lọ́dún tó kọjá. Okùn láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń pẹja ni mo lò. Nígbà tí ẹ̀tù tó ń ti imú rọ́kẹ́ẹ̀tì síta bú, ooru rẹ̀ yọ́ méjì nínú okùn náà, kókó ìkẹta sì tú fúnra rẹ̀ nítorí pé láílọ́ọ̀nù máa ń yọ̀. Bí agboòrùn ṣe ká jọ bí àkísà nìyẹn, tí páálí tí a fi ọ̀sẹ̀ kan kùn lọ́dà sì fọ́ mọ́ ilẹ̀ pápá.

Ká tilẹ̀ fi àmì sí i, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni orúkọ náà ń jẹ́. Agboòrùn ló ń mú rọ́kẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀. Òwú kàn so ó rọ̀ ni. “Òwú ìsorọ̀” ni èmi ìbá pè é, nítorí ìyá mi àgbà ní Ìsẹ́yìn, tí ìrànwú kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá gbọ́ tí a ń pe ohun tó gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá ní okùn.

“Ta kókó” tí Ẹ̀gbọ́n kọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, fún igun ọ̀rá àti fún imú rọ́kẹ́ẹ̀tì, ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tọ́. Ọ̀rá tèmi nísinsìnyí fẹ̀ ní 45 sẹ̀ǹtímítà, ó ní igun mẹ́fà, òwú mẹ́ta tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń rán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù, ni mo sì gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 120 sẹ̀ǹtímítà. Igun kọ̀ọ̀kan ni a ń lẹ téèpù mọ́, tí a ń lu, tí a sì ń ta orí òwú ní kókó sí. Ní ti imú rọ́kẹ́ẹ̀tì, agbede-méjì òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń ṣẹ́ po, tí a ń tì bọ ihò rẹ̀, kí a tó fa odindi agboòrùn gba àárín òwú tí a ṣẹ́ po náà kọjá. Ojóbó nìyẹn.

Bàbá wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ní “igbà” ló yẹ ká pè é, nítorí igbà ló ń gbé akọ̀pẹ wálẹ̀ láyọ̀. Bàbá tiwọn kọ ọ̀pẹ, tèmi kò kọ ọ́, nítorí náà n kò ní jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n igi àti ènìyàn ni igbà ń yí ká, rọ́kẹ́ẹ̀tì kò sì ní igi tí yóò fi ẹsẹ̀ tì lófuurufú. Èyí tí mo ń bẹ Bàbá kí wọ́n sọ fún wa ni ohun tí adẹ́mu ń pe okùn tó fi ń so agbè rọ̀ lórí ọ̀pẹ, nítorí agbè ni rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí jọ, kò jọ akọ̀pẹ.