Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pinnu -ide, -ite àti -ate nínú orúkọ ion (átọ́ọ̀mù tàbí àkójọ átọ́ọ̀mù tó ní agbára iná)?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ́mísírì. Ó yé mi pé nitrate, NO₃⁻, fi ọ́síjìn kan ju nitrite, NO₂⁻, lọ. Ibi tó ti dojú rú ni sulfite, SO₃²⁻: ọ́síjìn mẹ́ta ló ní bíi ti nitrate gan-an, síbẹ̀ -ite ló parí orúkọ rẹ̀. Sulfate ló wá ní mẹ́rin. Ṣé kò sí iye pàtó tí -ate ń tọ́ka sí ni, àbí ńṣe la kàn ń fi àwọn méjì tó jọra wéra? Hydroxide, OH⁻, ńkọ́? Ọ́síjìn wà nínú rẹ̀ kedere, kí ló dé tó fi gba -ide bíi chloride, Cl⁻, tí kò ní ọ́síjìn rárá? Mi ò fẹ́ há a sórí lásán, ó wù mí kó yé mi dénú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.