Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí owó bébà àtijọ́ tí wọ́n lẹ sẹ̀lótéèpù mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kó owó bébà àtijọ́ jọ. Owó Jámánì ọdún 1923 kan wà lọ́wọ́ mi, láti ìgbà tí ọ̀wọ́n gógó ọjà sọ owó wọn di yẹpẹrẹ. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ nǹkan sí, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Kánjúkánjú ni wọ́n ń tẹ owó nígbà náà, nítorí náà ìyẹn kò dà mí láàmú. Sẹ̀lótéèpù tí ẹnì kan fi lẹ ibi tó ya ló ń dùn mí lọ́kàn. Ó ti pọ́n rúsúrúsú, àtè rẹ̀ sì ti ń wọnú bébà náà. Ṣé kí n tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rárá?

Inú ọ̀rá PVC (irú ike rírọ̀ kan) ni mo kó àwọn tó kù sí, títí kan dọ́là Zimbabwe tírílíọ̀nù 100 tí mo fẹ́ràn jù. Mo gbọ́ pé ọ̀rá yìí máa ń ba owó jẹ́ bó bá pẹ́. Irú ọ̀rá wo ni ẹ̀yin ń lò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti bó sẹ̀lótéèpù kúrò lára owó rí láìfà á ya, kó ṣàlàyé fún mi. N kò ní kan omi sí i títí ẹ ó fi dáhùn.