Ìgúnpá ọmọ tó ń ju béésìbọ́ọ̀lù: kí ni ká wò?

Ìyá Ìbejì (Houston): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Àbújá nílé lóko. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 12, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù méjì níbí, ẹ̀gbẹ́ inú ìgúnpá rẹ̀ sì ti ń dùn ún. Kóòṣì ní kó yí bó ṣe ń gbé apá padà. Ẹ̀gbọ́n wa ní Gwarinpa, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n Físíò (Gwarinpa): Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń mú wá bá mi ní Àbújá ń gbá, orúnkún ni mo sì ń rí jù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní Atlanta, irú ìgúnpá yìí ni iṣẹ́ wa lójoojúmọ́.

Kí kóòṣì má dá apá nìkan lẹ́bi. Láti ilẹ̀ ni agbára ti ń wá: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á ti ilẹ̀, ìbàdí á yí, àyà á tẹ̀ lé e, èjìká á gbà á, kó tó kan ìgúnpá àti ọwọ́. Ẹni tó mọ iyán gún mọ̀ pé bí ìbàdí kò bá ṣe tirẹ̀, èjìká ni yóò jìyà. Bí àyà ọmọ bá ti yí síwájú kí ẹsẹ̀ iwájú tó balẹ̀, apá á kù sẹ́yìn, ìfà tó ń dé bá ẹ̀gbẹ́ inú ìgúnpá á sì pọ̀ sí i.

Lára àgbàlagbà, iṣan tó di egungun mú níbẹ̀ ló máa ń já. Òun ni Dókítà Frank Jobe tún ṣe fún Tommy John, tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú béésìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ní 1974, tí wọ́n fi ń fi orúkọ ẹni náà pe iṣẹ́ abẹ ọ̀hún títí dòní. Lára ọmọdé, iṣan yẹn le ju ibi tí egungun ti ń dàgbà lọ, nítorí náà egungun ló ń fara gbá a. Ìrora yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi róòbù pa. Kó dáwọ́ jíjù dúró, kí dókítà egungun sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí wọ́n bá yọ̀ǹda kó padà, ẹ ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì wò ó díẹ̀díẹ̀: nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá balẹ̀, ìgúnpá yẹ kó ti ga tó èjìká tàbí kó sún mọ́ ọn. Síbẹ̀, kò sí ọ̀nà jíjù tó dára tí àárẹ̀ kò lè bà jẹ́. Ìlànà Pitch Smart, tí MLB (líìgì béésìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà) àti USA Baseball (àjọ tó ń bójú tó eré náà níbẹ̀) gbé jáde ní 2014, ní kí ọmọ ọdún 11 sí 12 má ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 85 lọ lójúmọ́, bó bá sì jù ú ní ìgbà 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sinmi ọjọ́ 4. Ti ẹgbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ kà pọ̀, nítorí kóòṣì kọ̀ọ̀kan ń ka tirẹ̀ nìkan.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Bí kò bá jù, òun náà ni wọ́n ń fi sẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, láti máa mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù.

Ẹ̀gbọ́n Físíò: Kí wọ́n má fi síbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá jù. Ẹni tó wà níbẹ̀ náà ń ju bọ́ọ̀lù padà ní gbogbo ìgbà, ẹnikẹ́ni kì í sì í kà á.